Saba ní Karibíánì: ta ló ti débẹ̀ rí? A fẹ́ gbé màmá dání

Baba_Ìbejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò ìyàwó mi ló ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Saba University School of Medicine, ní erékùṣù kékeré kan báyìí ní Karibíánì, màmá wọn ò sì jẹ́ ká sinmi mọ́, wọ́n ní àfi káwọn fojú ara àwọn rí ibi tọ́mọ àwọn ń sùn. Èmi pàápàá ò gbọ́ orúkọ Saba rí kọ́mọ yìí tó lọ síbẹ̀. A ti wá fi í sọ́kàn pé ìparí Nofẹ́ńbà la máa lọ tí a ó fi wọ Dìsẹ́ńbà díẹ̀, èmi, ìyàwó, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti màmá. Amẹ́ríkà là ń gbé. Àwọn ìbejì ní páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, àwa àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní green card ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ṣì la fi ń rìn.

Ìbéèrè mi pọ̀, ẹ má bínú. Ṣé fíìsà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Yúróòpù, la máa gbà ni, torí mo gbọ́ pé àwọn Netherlands ló ni ibẹ̀? Mo tún wo fídíò bí bàálù ṣe ń balẹ̀ níbẹ̀, ha, ìyàwó mi ní òun ò ní bá wa wọ nǹkan yẹn láyé, fẹ́rì lòun máa wọ̀, màmá ní tiwọn ní àwọn ò gun omi, èmi ni mo wà láàárín. Orúnkún sì ń dun màmá, mo wá rí i tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ẹgbẹ̀rún kan ó lé, ṣé àtẹ̀gùn ni gbogbo ìlú náà ni? Àwọn ọmọ, bíìṣì ni tiwọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àbúrò wa ní ká bá òun kó gààrí àti èlùbọ́ wá, ṣé bàálù kékeré yẹn á gbà á? Owó wo ni wọ́n ń ná? Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ ni kó dá mi lóhùn jọ̀ọ́, mo ti gúgù ẹ̀ títí ojú fi ń ta mí.

Alárìnkà

Baba Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Mo ti débẹ̀, mo ti wọ bàálù ẹ̀, mo sì ti wọ fẹ́rì ẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ẹ jẹ́ n rò ó fún yín.

Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, Sint Maarten lẹ máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí, ní pápákọ̀ Princess Juliana, torí ibẹ̀ làwọn bàálù ńlá láti Amẹ́ríkà ń dé. Láti ibẹ̀, ilé iṣẹ́ bàálù Winair ló máa gbé yín lọ sí Saba, Twin Otter ni wọ́n ń lò, bàálù kékeré tó ń gba èrò 19. Ìrìn ìṣẹ́jú 12 sí 15 péré ni, ẹ ò tíì ní jókòó gbóná tẹ́ ẹ fi máa gbọ́ pé ẹ ti dé. Rọ́nwéè tẹ́ ẹ rí nínú fídíò yẹn, 400 mítà péré ni gígùn ẹ̀, òun ló kúrú jù láyé nínú èyí tí bàálù elérò ń lò déédéé, orí àpáta tí wọ́n ń pè ní Flat Point ló wà, òkun ni níwájú, òkun ni lẹ́yìn, òkè gogoro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá wà lókè tẹ́ ẹ bá wò ó, àfi bí ẹni pé ẹnì kan tẹ́ ẹní sórí àpáta. Ó ń bani lẹ́rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ibi báyìí gan-an ni wọ́n ṣe Twin Otter fún, ó máa ń dúró kó tó lo rọ́nwéè yẹn tán, awakọ̀ tí ò bá sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀tọ̀ fún Saba ò ní gbé e balẹ̀ síbẹ̀. Láti 1963 ni wọ́n ti ń lò ó. Kódà kí wọ́n tó kọ́ rọ́nwéè kankan síbẹ̀, ní 1959, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rémy de Haenen gbé bàálù láti Saint-Barthélemy wá balẹ̀ sórí Flat Point yẹn, àwọn ará ìlú ló fọwọ́ ṣa òkúta kúrò nílẹ̀ fún un. Ẹ bá mi sọ fún madam pé kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, torí ẹni tó bá jókòó níwájú, gbogbo ohun tí awakọ̀ ń rí lòun náà ń rí, kò sì pọn dandan.

Fẹ́rì ńkọ́? Ó wà, Makana ń lọ láti Sint Maarten, bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń lọ o, ẹ wo ọjọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ńlá. Mo fẹ́ràn ẹ̀ nítorí pé ó gba ẹrù ju bàálù lọ, ṣùgbọ́n òkun tó wà láàárín Sint Maarten àti Saba kì í sábà dákẹ́, tí atẹ́gùn bá sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í le lápá ìparí ọdún, èèyàn á mọ̀ pé òun wọ ọkọ̀. Ẹni tí ìrìn omi bá ń kọ lójú kó ti lo oògùn èébì ṣáájú kó tó wọlé, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò gbóògùn mọ́. Lọ́dọ̀ tèmi, màmá tó ní àwọn ò gun omi ló jàre, bàálù ni kẹ́ ẹ wọ̀. Tàbí kẹ́ ẹ pín ara yín, madam àti ẹrù nínú fẹ́rì, ẹ̀yin tó kù nínú bàálù, ẹ̀ á tún pàdé.

Ó wá ku nǹkan kan, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí. Ẹ má ṣe so fláìtì Saba mọ́ fláìtì Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan náà nígbà ìpadàbọ̀. Tí atẹ́gùn bá kọ orí sí ibi tí ò yẹ, tàbí ìkúukùu bo òkè, bàálù ò ní lọ, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà sí i, kò sì sẹ́ni tẹ́ ẹ lè bá jà, bó ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀, ẹ sùn ní Sint Maarten mọ́jú kẹ́ ẹ tó gba ilé lọ. Owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan yẹn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn márùn-ún tó bá jóná.

Àǹtí_Fíìsà

Ẹ gbàgbé Schengen, Baba Ìbejì. Òótọ́ ni pé Saba di ara Netherlands gan-an ní 10 October 2010 nígbà tí wọ́n tú Netherlands Antilles ká, ìyẹn àkójọ àwọn erékùṣù Netherlands ní Karibíánì, wọ́n ń ṣe é bí ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀tọ̀ kan báyìí, ṣùgbọ́n kò sí nínú Schengen rárá. Fíìsà Karibíánì ti Netherlands ni wọ́n ń lò, òun kan náà ló wà fún Saba, Sint Eustatius, Bonaire, Sint Maarten, Curaçao àti Aruba. Àwọn tó ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà tàbí Kánádà wà lára àwọn tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹ̀, nítorí náà green card yín ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ o, káàdì gangan lẹ máa mú dání, kì í ṣe fọ́tò ẹ̀ nínú fóònù, kẹ́ ẹ sì lọ ka ojú ìwé ìjọba Netherlands lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra yín kẹ́ ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ibi tẹ́ ẹ ti máa ní wàhálà kọ́ ni Saba, kọ́ńtà ibi tẹ́ ẹ ti máa wọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ni, ẹni tó wà níbẹ̀ lè máà gbọ́ orúkọ Saba rí, á kàn rí páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé á ní fíìsà dà. Ẹ gbé bébà yẹn síwájú ẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Èkejì, erékùṣù Sint Maarten yẹn pín sí méjì, Netherlands ló ni apá kan, Faransé ló ni apá kejì. Kò sẹ́ni tó ń dúró sójú bodè láàárín méjèèjì, mọ́tò kàn ń kọjá ni, ṣùgbọ́n òfin fíìsà tiwọn yàtọ̀ síra. Tẹ́ ẹ bá máa sùn mọ́jú, ẹ sùn sápá Netherlands kọ́kàn yín balẹ̀. Wọ́n á tún yẹ páásípọ́ọ̀tù yín wò tẹ́ ẹ bá dé Saba o, má rò pé torí pé Netherlands ni méjèèjì ẹ kàn máa wọlé gbuurugbu.

Ẹni tó bá sì ń ka èyí láti Nàìjíríà, tó jẹ́ pé láti ibẹ̀ ló ti fẹ́ gbéra, kó mú káàdì yẹ́lò fíbà ẹ̀ dání.

SìsíOníbàágì

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ má lọ rán àwọn ọmọ yẹn lọ sunkún. Kò sí bíìṣì ní Saba. Ẹ gbọ́ mi? Òkè ni gbogbo ẹ̀ láti inú òkun lọ sókè. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Well's Bay, iyanrìn ẹ̀ máa ń wá nígbà tójú ọjọ́ bá ń móoru, tó bá wá di apá ìparí ọdún, ìgbì á tún kó gbogbo iyanrìn lọ, ó wá ku òkúta. Ìgbà tẹ́yin fẹ́ lọ yẹn, kò ní sí níbẹ̀. Ọ̀kan wà ní Cove Bay nítòsí pápákọ̀, wọ́n fọwọ́ kó iyanrìn sí i ni, kékeré báyìí.

Èmi tí mo fẹ́ràn oòrùn àti iyanrìn, ẹ bi mí, mi ò ní sùn síbẹ̀. Sint Maarten ni mo máa fi ṣe ibùdó, àwọn ọmọ á máa wẹ̀ ní bíìṣì, ẹ wá wọ bàálù lọ kí àbúrò láàárọ̀ kẹ́ ẹ padà nírọ̀lẹ́. Ó tán.

Dókítà_Lọ́la

Ẹ káàsán gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Baba Ìbejì, ilé ìwé yẹn lèmi náà lọ, mo gbé The Bottom fún ìgbà pípẹ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Sìsí jà díẹ̀. Àlọbọ̀ ojúmọ́ kan fún ìyá arúgbó tí ò tíì rí ọmọ ẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Màmá á kàn wọ bàálù tó ń bà wọ́n lẹ́rù lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n á fi jẹun ọ̀sán wọ́n á ti máa wo aago. Ó pọ̀ jù. Ẹ sùn níbẹ̀ jàre, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi ojú wò kí wọ́n máa lọ.

Saba kéré o, 13 kìlómítà onígun mẹ́rin, èèyàn bíi ẹgbẹ̀rún méjì ló ń gbébẹ̀, abúlé mẹ́rin ni: The Bottom tó jẹ́ olú ìlú, tí ilé ìwé wà, St. John's, Windwardside, àti Zion's Hill táwọn àgbà ṣì ń pè ní Hell's Gate. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ láàárín ìlú, Dutch wà fún ìwé ìjọba. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná láti 2011, iná wọn náà bíi ti Amẹ́ríkà ni, 110 volt, ṣájà yín á wọlé tààrà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wakọ̀. ATM ò pọ̀, ẹ mú owó kéékèèké dání, ẹ má fi dọ́là 100 sanwó takisí.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ sọ, ti Mount Scenery nìyẹn, àtẹ̀gùn 1,064 láti Windwardside dé orí òkè, kò sẹ́ni tó ní kí màmá gùn ún. Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín, ibẹ̀ ò tẹ́jú rárá, kò sí ilé tí ẹ ò ní gun nǹkan díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá ilé, ẹ kọ̀wé bi wọ́n pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà, ẹ bi wọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó rọrùn fún àgbàlagbà, torí ará Saba tó jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún ń gun òkè yẹn lójoojúmọ́, á ní ó rọrùn. Windwardside ni hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ pọ̀ sí jù, atẹ́gùn ibẹ̀ sì tutù, ẹ mú súwẹ́tà fún màmá lálẹ́. The Bottom ló sún mọ́ àbúrò yín, òun náà ló sún mọ́ ilé ìwòsàn, A.M. Edwards Medical Center. Nǹkan kéékèèké ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, tọ́rọ̀ bá le, Sint Maarten ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ, nítorí náà gbogbo oògùn màmá ni kẹ́ ẹ kó dání, kẹ́ ẹ tún fi ti ọ̀sẹ̀ kan lé e torí bàálù. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì láìra ìnṣọ́ránsì tó máa sanwó gbígbé èèyàn jáde.

Omi òjò ni wọ́n ń gbá jọ sábẹ́ ilé, kò sí odò níbẹ̀. Ẹ sọ fáwọn ìbejì pé ká má ṣí ṣáwà sílẹ̀ ká máa kọrin.

Oúnjẹ wọ́n, torí ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá, tí òkun bá ru tí ọkọ̀ ò dé, ẹ̀ á rí ṣọ́ọ̀bù tí tòmátò ti tán. Ilé oúnjẹ náà, ẹ pè wọ́n lọ́sàn-án kẹ́ ẹ tó lọ lálẹ́, wọ́n máa ń se é níwọ̀n iye èèyàn tó sọ pé òun ń bọ̀ ni, wọ́n sì ń tètè tì. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀pọ̀lọ́pọ̀ edé ńlá tí wọ́n ń pè ní lobster, ẹ jẹ ẹ́, etí ilé wọn ni wọ́n ti ń pa á, ní Saba Bank.

Ti gààrí: ẹ má fi du ọmọ yẹn o, mo mọ bó ṣe ń rí! Àmọ́ bàálù kékeré ni, ìwọ̀n ẹrù ló ń ṣòfin ibẹ̀. Ẹ wo iye kílò tí tíkẹ́ẹ̀tì yín gbà, nítorí ti bàálù ńlá pọ̀ ju ti kékeré lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá èèyàn dúró sanwó kún un. Nígbà míì tí bàálù bá kún, àwọn bàágì kan á dúró de èyí tó ń bọ̀. Kí páásípọ́ọ̀tù, oògùn, àti aṣọ ìpààrọ̀ kan wà lọ́wọ́ yín, kí gààrí máa bọ̀ lẹ́yìn. Bàágì aláṣọ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe àpótí líle.

Onílùwẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin èèyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú omi ẹ̀, nítorí kò sí iyanrìn. Abẹ́ omi ni Saba gan-an wà! Láti 1987 ni wọ́n ti sọ gbogbo òkun tó yí i ká di ọgbà ìdáàbòbò, láti etí omi dé ibi tó jìn ní 60 mítà, kò sẹ́ni tó lè da ìdákọ̀ró sí ibi tó wù ú, ìyẹn ló jẹ́ kí ìyùn àti ẹja ibẹ̀ ṣì dáa. Àwọn òkè kan wà lábẹ́ omi tí orí wọn gogoro, ìjàpá òkun, ẹja ekurá, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀ ló máa lọ, ọkọ̀ wọn ń gbéra ní èbúté Fort Bay.

Baba Ìbejì tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gun Mount Scenery, kẹ́ ẹ wá lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má yí i. Gáàsì tó wọ ara èèyàn nísàlẹ̀ omi kì í tètè jáde, tẹ́ ẹ bá wá gun òkè tó lé ní 860 mítà lọ́jọ́ kan náà, tàbí ẹ wọ bàálù, ó lè di àìsàn. Odindi ọjọ́ kan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ láàárín ìlúwẹ̀ẹ́ tó kẹ́yìn àti bàálù.

Àwọn ìbejì: àwọn adágún kéékèèké kan wà láàárín àpáta ní Flat Point nísàlẹ̀ pápákọ̀, omi òkun ló ń wọ inú wọn, akàn àti ẹja kéékèèké kún ibẹ̀. Bàtà tó di ẹsẹ̀ dáadáa ni kí wọ́n wọ̀ torí àpáta yẹn mú, tí ìgbì bá sì ga lọ́jọ́ yẹn ẹ má sún mọ́ ọn rárá.

Baba_Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣìnà o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sétí ìyàwó mi, ó ní òun máa wọ bàálù tí wọ́n bá jẹ́ kóun jókòó sẹ́yìn kóun sì di ojú òun, nítorí náà ẹjọ́ yẹn ti tán. Fíìsà náà ti yé mi, Àǹtí ẹ ṣé.

Ó wá ku díẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń rìn láàárín ìlú? Ṣé ká rẹ́ǹtì mọ́tò ni? Èmi máa gun òkè yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ, ṣé wọ́n á lè gùn ún? Màmá náà ń bèèrè bóyá ejò wà níbẹ̀, ẹ má bi mí léèrè bí ọ̀rọ̀ ejò ṣe wọ̀ ọ́, ẹ kàn dá wa lóhùn. Ọ̀rọ̀ ìjì líle ńkọ́, ṣé Nofẹ́ńbà ò léwu?

Alárìnkà

Ìjì líle, June sí ìparí November ni wọ́n ń kà á sí, August, September àti October ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń le jù. Ẹ̀yin wà ní ìrù ẹ̀. Ẹ ṣáà máa wo ìròyìn ojú ọjọ́, kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yí padà.

Mọ́tò: ẹ má wulẹ̀ rẹ́ǹtì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wọ takisí ná kẹ́ ẹ rí títì yẹn. Takisí ò ní mítà, iye owó láti ibì kan sí ibì kejì ti wà nílẹ̀, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó wọlé. Títì kan ṣoṣo ló so gbogbo abúlé pọ̀, kọnkéré ni, tóóró, ó dúró gangan láwọn ibì kan, ó ń yí bí ejò (màmá ẹ má bínú), ògiri òkúta wà létí ẹ̀. Ìtàn títì yẹn dùn mọ́ mi ju títì fúnra ẹ̀ lọ. Àwọn ẹnjiníà tó wá láti Netherlands wo òkè yẹn, wọ́n ní kò ṣeé ṣe, kò lè ní títì láéláé. Ará ìlú kan, Josephus Lambert Hassell, ló lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́ èèyàn, ó jókòó sílé ẹ̀ ó kà á, òun àti àwọn ará ìlú wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1938, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tó fi máa di 1943 ó ti ti Fort Bay dé The Bottom, mọ́tò àkọ́kọ́ dé erékùṣù yẹn ní 1947. Kó tó dìgbà yẹn, gbogbo ohun tó bá wọ Saba láti Ladder Bay, orí ni wọ́n ń rù ú lé, lórí àtẹ̀gùn bíi 800 tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta. Àtẹ̀gùn náà ṣì wà, ẹ lè lọ wò ó láti òkè, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ máa tún gòkè.

Dókítà_Lọ́la

Ejò wà o, mi ò ní parọ́ fún màmá, àmọ́ kò lóró. Ejò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni tí ikùn ẹ̀ pupa, Saba àti Sint Eustatius nìkan ló wà láyé, òfin sì dáàbò bò ó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá igi. Tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ á ti lọ. Ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù, ẹ mú ìpara ẹ̀fọn dání.

Mount Scenery, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á gùn ún dáadáa, ẹ̀yin bàbá wọn ni kẹ́ ẹ gbàdúrà fún ara yín. Tẹ́ ẹ bá ti ń gòkè ni ewéko á máa yí padà, nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi sún mọ́ orí ẹ̀, inú ìkúukùu lẹ wà, ewédò bo gbogbo igi, omi ń kán láti ara ewé bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀, àtẹ̀gùn á wá máa yọ̀ bí ọṣẹ. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ kí ìkúukùu tó bò ó, ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ di ilẹ̀ mú, ẹ mú omi àti aṣọ òjò. Òun ni ibi tó ga jù nínú gbogbo ilẹ̀ ìjọba Netherlands, àwọn tó wà ní Yúróòpù ò ní òkè tó tó ìdajì ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní Windwardside nítòsí ibi tí ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀, Trail Shop, ẹ yà bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, wọ́n á sọ fún yín ọ̀nà tó ṣeé rìn lọ́jọ́ yẹn.

Màmá á gbádùn ìjókòó ní Windwardside, ilé funfun òrùlé pupa ló wà káàkiri, wọ́n á sì rí nǹkan kan tó máa mú kí wọ́n bá ara wọn nílé: àwọn ará Saba máa ń sin òkú wọn sí àgbàlá ilé, ibojì bàbá bàbá wọn wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Àwọn òyìnbó tó wá ṣèbẹ̀wò ló máa ń ya fọ́tò ẹ̀ bí ohun àrà, ẹ bá mi sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má gun orí ẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ tún ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Saba lace, wọ́n ń fa òwú yọ lára aṣọ wọ́n á fi ṣe ọnà, láti ìgbà ayé àwọn ìyá wọn ni, màmá tó bá mọ aṣọ á jókòó tì wọ́n.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà yín. Fúráìdé àkọ́kọ́ nínú Dìsẹ́ńbà ni Saba Day, ìsinmi gbogbo ìlú ni, ṣọ́ọ̀bù á tì ṣùgbọ́n ayẹyẹ á wà, orin, oúnjẹ. Tí ọjọ́ yín bá bọ́ sí i ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ tètè gba ilé, ilé ò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ Saba tó wà lẹ́yìn odi máa ń wálé. Kẹ́ ẹ sì bi àbúrò yín ní ọjọ́ ìdánwò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yan ọjọ́ kankan! Ìparí sáà máa ń bọ́ sí àsìkò yẹn, tẹ́ ẹ bá lọ bá a láàárín ìdánwò, ẹ̀yin àti màmá lẹ máa jọ máa wo ara yín.

SìsíOníbàágì

Dókítà o ti gbà mí lẹ́jọ́, ó dáa, kí wọ́n sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ tí wọ́n máa sùn ní Sint Maarten lápadàbọ̀, ẹ sọ ọ́ di méjì, kẹ́ ẹ gbé àwọn ọmọ lọ sí bíìṣì Maho, bàálù ńlá ń kọjá lókè orí èèyàn níbẹ̀ bó ṣe fẹ́ balẹ̀, wọ́n á rí iyanrìn, wọ́n á rí bàálù. Kí wọ́n má dúró sídìí wáyà tí bàálù bá fẹ́ gbéra o, atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa ń gbé èèyàn ṣubú, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó níbẹ̀.

Baba_Ìbejì

Méjì náà ni. Mo ti pe àbúrò wa báyìí, ó ní ìdánwò òun máa tán ní ọ̀sẹ̀ kìíní Dìsẹ́ńbà, nítorí náà a ti sún gbogbo ẹ̀ sí ẹ̀yìn ìdánwò ẹ̀. Ó tún ní ká fi ẹ̀gúsí kún gààrí.